Ayé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn nípa Ìtumọ̀ àti Orísun Ọ̀rọ̀ Náà

Ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ náà “ayé” ń jáde lẹ́nu wa. Ó wà nínú àdúrà àti nínú èpè, ó wà nínú orúkọ ìlú, ó wà nínú ìròyìn tí à ń gbọ́ lórí rédíò. Síbẹ̀, ẹni tí a bá ní kí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní gbólóhùn kan yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kékeré náà jìn ju bí ó ti rò lọ. Àwọn ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùkọ́ èdè àti àwọn atúmọ̀ èdè máa ń béèrè nípa rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ ni a ó ti pẹ́ díẹ̀.

Kí ni “ayé” túmọ̀ sí?

Ìtumọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni ibi tí àwa ẹ̀dá alààyè ń gbé, tí oòrùn ń ràn sí, tí òjò ń rọ̀ sí, tí a bí wa sí, tí a ó sì kú sí. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ yìí kò dá dúró. Bí a bá sọ pé “ayé dùn”, kì í ṣe òkè tàbí òkun ni a ní ó dùn, ìgbé ayé ènìyàn ni. Bí a bá sọ pé “láyé àwọn baba wa”, àkókò ni a ń tọ́ka sí. Bí ìyá kan bá sì kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé “rọra ṣe o, ayé ń wò ọ́”, àwọn ènìyàn ni ó ń sọ, pàápàá jù lọ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ó wà nínú wọn.

Ibùgbé, ìgbésí ayé, ìgbà àti ènìyàn ni ọ̀rọ̀ yìí gbé dání, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yara wọn sọ́tọ̀. Nígbà tí àgbàlagbà bá mí kanlẹ̀ tí ó wí pé “ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́”, gbogbo wọn ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò tí ó wà nídìí gbogbo ìdáhùn tí ó kù ni pé, lójú Yorùbá, ayé jẹ́ ìgbé ayé àwọn ènìyàn kí ó tó jẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé. Ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn yóò máa ṣi ọ̀rọ̀ náà lò, pàápàá nígbà tí ó bá ń túmọ̀ ìwé láti èdè mìíràn.

Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ayé àti ilẹ̀?

Ilẹ̀ ni a ń tẹ̀, òun ni a ń ro, òun ni a ń rà tí a sì ń tà, inú rẹ̀ ni a ń sin òkú sí. Ilẹ̀ ni ẹgbẹ́ Ògbóni ń bọ, tí wọ́n sì fi ń mulẹ̀, ọ̀rọ̀ náà “ọ̀dàlẹ̀” sì tọ́ka sí ẹni tí ó da ilẹ̀ tí ó fi búra. Ayé kì í ṣe erùpẹ̀. A kì í ro ó, a kì í gbẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni a kì í wọ̀n ọ́n ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. Ohun tí a ń ṣe sí ayé ni pé a ń wá sí i, a ń gbé e, a ń jẹ ẹ́, a sì ń fi í sílẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ibi tí a fojú rí ni a ń sọ, a máa ń so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, a ó wí pé “ilẹ̀ ayé” tàbí “orí ilẹ̀ ayé”.

Ṣé “ayé” nìkan tó láti fi dárúkọ gbogbo ohun tí ó wà?

Kò tó. Ayé ní èkejì, èkejì náà ni ọ̀run, ìdajì ọ̀rọ̀ sì ni ẹni tí ó dárúkọ ọ̀kan láìdárúkọ èkejì sọ.

Nínú ẹsẹ Ifá, a máa ń gbọ́ léraléra nípa àwọn tí wọ́n ń ti ìkọ̀lé ọ̀run bọ̀ wá sí ìkọ̀lé ayé. Ìrìn àjò ni wọ́n ń rìn. Kí ẹ̀dá tó ṣí kúrò ní ọ̀run, ó ní láti yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá alámọ̀ tí ó ń mọ orí, yóò sì gba ọ̀dọ̀ oníbodè kọjá. Èyí ni àwọn àgbà ń sọ nígbà tí wọ́n bá pa á lówe pé “Àkúnlẹ̀yàn òun ni àdáyébá, a kúnlẹ̀ a yan ẹ̀dá, a délé ayé tán ojú ń kán gbogbo wa.” Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà “àdáyébá” dáadáa: ohun tí a dé ayé bá ni. Lóde òní, a ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ ṣe, irú bí igbó, odò àti òkè, nítorí pé nígbà tí a dé, a bá wọn níbẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni a ti lè rí i pé àlejò ni ẹ̀dá ènìyàn láyé. Òwe mìíràn sọ ọ́ ní tààrà: “Ayé lọjà, ọ̀run nilé.”

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ọ̀run kàn jẹ́ ibi tí ó wà lókè, níbi tí ìkùukùu wà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ibi tí ojú ń rí lókè, a ní “ojú ọ̀run”, a ní “òfurufú”, a sì ní “sánmà” tí ó ti inú èdè Lárúbáwá wọlé sí wa. Ọ̀run fúnra rẹ̀ ni ibi tí Olódùmarè wà, tí àwọn òrìṣà ti sọ̀ kalẹ̀ wá, tí àwọn baba ńlá wa padà sí, tí àwọn ọmọ tuntun sì ti ń bọ̀. Ará ọ̀run ni a ń pe egúngún, inú ilẹ̀ sì ni a sin àwọn baba tí ó dúró fún sí, kì í ṣe ojú sánmà. Àwọn tí a gbà pé wọ́n jẹ́ àbíkú ní ẹgbẹ́ ní ọ̀run tí wọ́n ń fà wọ́n padà. Ìbáṣepọ̀ tí kì í dáwọ́ dúró ni ó wà láàárín ibi méjèèjì.

Nítorí náà, bí àwọn baba wa bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ohun tí ó wà, èyí tí a rí àti èyí tí a kò rí, ọ̀rọ̀ méjèèjì ni wọ́n ń pè pọ̀: “ayé àti ọ̀run”, “tayé tọ̀run”. Lójú tèmi, èyí ni orúkọ tí Yorùbá ti fún gbogbo ìṣẹ̀dá kí ẹnikẹ́ni tó wá kọ́ wa ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó sì yẹ kí àwọn tí ń kọ ìwé ìmọ̀ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó máa wá ọ̀rọ̀ tuntun.

Níbo ni ìtàn sọ pé ayé ti bẹ̀rẹ̀?

Ilé-Ifẹ̀ ni. Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù ni pé omi ni ó bo gbogbo ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, Olódùmarè sì fi àpò ìwà rán Ọbàtálá. Ọbàtálá mu ẹmu yó lójú ọ̀nà, ó sùn lọ. Odùduwà gba àpò náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi, ó sì gbé adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún lé e. Adìyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí tan iyẹ̀pẹ̀ ká, ilẹ̀ sì ń fẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti fa orúkọ Ifẹ̀ yọ. Àwọn ìtàn mìíràn wà tí wọn kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Ọbàtálá, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn olùsìn rẹ̀.

Oríkì ìlú náà ni “Ifẹ̀ Oòdáyé, níbi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá”, a sì gbọ́ “dá” àti “ayé” nínú “Oòdáyé” kedere. Ẹ kíyè sí i pé nínú ìtàn yìí, ilẹ̀ ni adìyẹ tàn ká, ṣùgbọ́n ayé ni oríkì sọ pé a dá níbẹ̀. Ìgbà tí àwọn ẹ̀dá wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ náà, tí wọ́n ní ọba, ọjà àti òfin, ni ilẹ̀ tó di ayé.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti wá? Ṣé inú “yè” ni?

Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe “yè” ni “ayé” ti jáde, pé ibi tí a ti ń yè ni ayé. Ó dùn létí, ìtumọ̀ méjèèjì sì sún mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ohùn kò tì í lẹ́yìn. Nínú èdè wa, bí a bá fi fáwẹ́lì ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe kí ó lè di ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn tí ó wà lórí ọ̀rọ̀-ìṣe náà kì í yí padà. “Lọ” di “àlọ”, “bọ̀” di “àbọ̀”, “kú” di “ikú”, “yè” fúnra rẹ̀ sì di “ìyè”. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí “yè”, ohùn òkè ni ó sì wà ní ìparí “ayé”. Bí ó bá jẹ́ pé inú “yè” ni ó ti wá ní tòótọ́, ohùn ìsàlẹ̀ ni ì bá parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ohùn rẹ̀ bá a mu ni “yé”, bí ẹyẹ ṣe ń yé ẹyin, tàbí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yé ènìyàn, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ àwọn wọ̀nyí jìnnà sí ayé gan-an. Àwọn kan ti gbìyànjú láti so ó mọ́ òye, pé ayé ni ohun tí ó yéni. Mi ò lè gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí àwọn àgbà ń fi gbogbo ẹnu sọ nípa ayé ni pé kò yéni. Ohun tí ó tọ́ ni kí a kà á mọ́ àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ tí a kò ṣẹ̀dá láti inú ọ̀rọ̀ mìíràn, irú bí ilé, omi àti ọwọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò fúnra wọn, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó ń hù láti ara wọn.

Ṣé ayé, ààyè àti àyè kì í ṣe ọ̀kan náà?

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, àmì ohùn ni ó sì ń yà wọ́n. “Ó wá sáyé” ni pé a bí i. “Ó wà láàyè” ni pé kò tíì kú. “Kò sí àyè nínú ọkọ̀” ni pé ọkọ̀ ti kún. Ẹni tí ó bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìfi àmì sí i ti da ẹrù ìtumọ̀ lé òǹkàwé lórí, ohun tí a sì ń rí lójoojúmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Báwo ni “ayé” ṣe ń tọ́ka sí àkókò?

Bí ènìyàn bá ní ayé tirẹ̀, ayé náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ọba gorí ìtẹ́, ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọba wàjà, ayé rẹ̀ parí, ayé ẹlòmíràn sì dé. Àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń sọ nípa Aláàfin Abíọ́dún, tí ó wàjà ní ọdún 1789, àti Aólẹ̀ tí ó jẹ tẹ̀lé e: “Láyé Abíọ́dún la fi igbá wọn owó, láyé Aólẹ̀ la di àdìkálẹ̀.” Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ẹni tí ó bá túmọ̀ “láyé” níhìn-ín sí ìgbà ìjọba nìkan kò ṣì í, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kí nǹkan bọ́ sọnù. Àwọn tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà kò kàn ń ka ọdún. Bí ara ṣe rọ̀ wọ́n nígbà kan tí ó sì ni wọ́n nígbà kejì ni wọ́n ń sọ, bí owó ṣe pọ̀ títí tí wọ́n fi igbá wọ̀n ọ́n, àti bí wọ́n ṣe di ẹrù wọn láti sá.

Ọ̀nà yìí kan náà ni a gbà ń sọ “ayé àtijọ́”, “ayé òyìnbó” àti “ayé ọ̀làjú”. Bí a bá sì fẹ́ sọ ohun tí kò lópin, a máa ń pe ọ̀rọ̀ náà lé ara rẹ̀ lórí: “ayérayé”, “látayébáyé”.

Kí ni ó dé tí ìròyìn fi ń sọ pé ìpàdé “wáyé”?

Wá sí ayé ni. Ọmọ tuntun wáyé, ìpàdé náà wáyé ní Ìbàdàn, ìjàmbá wáyé lójú ọ̀nà. Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ kò tíì dé ayé, ó wà níbi tí a kò lè rí i. Nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀, ó ti dé àárín wa. Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníròyìn ń lò lójoojúmọ́ láìrònú sí i yìí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí mo fẹ́ràn jù nínú èdè wa, nítorí pé ìrìn àjò láti ọ̀run sí ayé ṣì wà nínú rẹ̀ lódindi.

Kí ni ó fà á tí Yorùbá fi ń bẹ̀rù “ayé”?

Gírámà ni yóò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí. Ẹ gbọ́ gbólóhùn bí èyí: “Ayé ti gbọ́, wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri.” Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tí ó tẹ̀lé ayé níbẹ̀ ni “wọ́n”, kì í ṣe “ó”. Ènìyàn púpọ̀ ni ayé, ènìyàn tí wọ́n ní etí, ojú àti ẹnu. Bí àìsàn ẹnì kan bá ṣòro mọ̀, tàbí tí iṣẹ́ ẹni tí ń ṣe dáadáa bá dojú rú lójijì, wọ́n a ní “ayé ló ṣe é”. A ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má fi wá lé ayé lọ́wọ́. A ń pè é ní “ayé àkámarà”.

Àwọn kan rò pé àjẹ́ àti oṣó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bò mọ́lẹ̀. Lóòótọ́, ó máa ń tọ́ka sí wọn, nítorí pé a kì í fẹ́ dárúkọ wọn ní gbangba. Ṣùgbọ́n ó gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aládùúgbò tí ń ṣe ìlara, ìbátan tí ń bínú ogún, ọ̀rẹ́ tí ń rẹ́rìn-ín síni tí ó sì ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, gbogbo wọn ni ayé. Ẹni tí ó wí pé “ayé” kò tíì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni ní pàtó, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi wúlò nínú agbo ilé tí gbogbo ènìyàn ti jọ ń gbé. Ó ń jẹ́ kí ẹni tí ó ń jẹ̀rora sọ ìrora rẹ̀ jáde láìdá ìjà sílẹ̀. Ó tún léwu, nítorí ìgbà mìíràn wà tí a ń di ẹ̀bi ohun tí ó yẹ kí á wádìí dáadáa, ní ilé ìwòsàn tàbí nínú ìwé owó, ru àwọn ayé tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan ni, ẹ má gbàgbé. “Ayé yẹ ẹ́” jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn. Àwọn ìlú wa ń jẹ́ Ayétòrò àti Ayédire, orúkọ tí ó kún fún ìrètí. Tòrò ni a ń wí fún omi tí ó rọlẹ̀ tí ó sì mọ́. Ayétòrò tí ó wà ní etí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni àwọn ọmọ ìjọ kan dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń ná owó láti inú àpò kan ṣoṣo, kí ayé lè tòrò fún wọn lóòótọ́. Lónìí, òkun ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ ìlú náà, ọkàn mi sì máa ń gbọgbẹ́ bí mo bá rántí ohun tí wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ.

Báwo ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ṣe lo “ayé”?

Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni ó túmọ̀ Bíbélì tí ó parí ní ọdún 1884, ìpinnu tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí sì yẹ fún àgbéyẹ̀wò tí ó pẹ́. Nínú Májẹ̀mú Tuntun ti èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó wà níbi tí àwa ti ní ẹyọ kan. “Gē” ni ilẹ̀ tàbí ayé tí ó kọjú sí ọ̀run. “Oikoumenē” ni gbogbo ibi tí ènìyàn ń gbé, èyí tí Késárì ń jọba lé. “Aiōn” ni sáà tàbí ìgbà. “Kosmos” ni gbogbo ìṣẹ̀dá bí a ti tò ó, tàbí àwọn ènìyàn inú rẹ̀.

Nínú Mátíù orí 5, àwọn ọlọ́kàn tútù yóò jogún ayé: gē ni. Nínú Lúùkù orí 2, àṣẹ jáde pé kí a kọ orúkọ gbogbo ayé sínú ìwé: oikoumenē ni. Ní ìparí Mátíù, Jésù ṣèlérí pé òun yóò wà pẹ̀lú wọn títí dé òpin ayé: aiōn ni, òpin sáà ni ó ń sọ. Nínú Jòhánù 3:16, Ọlọ́run fẹ́ aráyé: kosmos ni. Ibùgbé, ènìyàn àti àkókò, gbogbo ohun tí Gíríìkì pín fún ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ayé gbé e láìrẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nínú Jòhánù 3:16. Ìbá rọrùn láti kọ pé Ọlọ́run fẹ́ ayé, kí ènìyàn sì gbọ́ ọ bí ẹni pé ìgbádùn ayé ni Ọlọ́run fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n wọ́n fi “ará” kún un, ó sì di àwọn ènìyàn.

Ní Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní, ìyàtọ̀ ayé àti ilẹ̀ tí a mẹ́nu bà lókè hàn gbangba. Ọ̀rọ̀ Hébérù kan náà, “erets”, ni ó wà ní ẹsẹ kìíní àti ẹsẹ kẹwàá. Ní ẹsẹ kìíní, níbi tí ó ti bá ọ̀run rìn, wọ́n pè é ní ayé: “Ọlọ́run dá ọ̀run òun ayé.” Ní ẹsẹ kẹwàá, níbi tí ìyàngbẹ ti jáde láti inú omi tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbé orí rẹ̀, wọ́n pè é ní ilẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dénú nìkan ni ó lè ṣe irú yíyàn bẹ́ẹ̀.

Kosmos ní ìtumọ̀ mìíràn tí kò sí lára ayé rárá: ọ̀ṣọ́. Ètò àti ẹwà ni àwọn Gíríìkì rí nígbà tí wọ́n gbójú sókè. Nínú Pétérù Kìíní 3:3, níbi tí a ti ń gba àwọn obìnrin níyànjú nípa irun dídì àti ohun wúrà, kosmos ni ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀, àwọn atúmọ̀ wa sì kọ “ọ̀ṣọ́”.

Àwọn Mùsùlùmí àti àwọn aládùúgbò wa ńkọ́?

Nínú wàásù, ayé ni a fi ń túmọ̀ “dunya” ti èdè Lárúbáwá, ọ̀run ni a sì fi ń túmọ̀ “akhira”. Àwọn Haúsá gba dunya sínú èdè wọn, ó di “duniya”. Àwa gba àlàáfíà, a gba àlùbáríkà, a gba sánmà, ṣùgbọ́n a kò fi ayé sílẹ̀. Ní ìlà oòrùn wa, àwọn Ìgbò ní “ụwa”, àwọn Ẹ̀dó sì ní “agbọn” tí ó ń bá “ẹrinmwin”, ilé àwọn ẹ̀mí, rìn gẹ́gẹ́ bí ayé ṣe ń bá ọ̀run rìn. Ọ̀rọ̀ wọn kò jọ tiwa, ṣùgbọ́n èrò náà jọ ọ́ gan-an.

Kí ni àgbáyé, kí sì ni àgbáálá ayé?

Àgbáyé ni gbogbo orílẹ̀-èdè lápapọ̀. Òun ni a ń lò fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Àgbáálá ayé, tí àwọn mìíràn ń pè ní àgbáńlá ayé, gbòòrò jù ú lọ. Òun ni ọ̀pọ̀ àwọn òǹkọ̀wé òde òní ń lò fún oòrùn, òṣùpá, ìràwọ̀ àti gbogbo òfurufú tí kò lópin lójú wa. Mo rọ àwọn tí ń kọ ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n má ṣe fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, báwo ni ó ṣe yẹ kí a kọ ọ́?

“Ilẹ̀ ayé” ni ó yẹ fún òbìrí tí a ń gbé orí rẹ̀, “àgbáálá ayé” ni ó yẹ fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, kí a sì jẹ́ kí “ayé” nìkan wà fún ohun tí ó ti ń sọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí olùkọ́ bá béèrè pé “ọmọ ọdún mélòó ni ayé?”, akẹ́kọ̀ọ́ kan lè dáhùn pé nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 4.5, kí èkejì ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 13.8, kí àwọn méjèèjì sì gbà á. Ti ilẹ̀ ayé ni ti àkọ́kọ́, ti àgbáálá ayé ni ti èkejì.

Ìdí mìíràn tún lágbára ju ìyẹn lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1961, Yuri Gagarin di ènìyàn àkọ́kọ́ tí ó rin ìrìn àjò ní òfurufú. Ní oṣù keje ọdún 1969, Neil Armstrong fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Àwọn méjèèjì kúrò lórí ilẹ̀ ayé, wọ́n sì padà sí i. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò kọ pé wọ́n “kúrò láyé” nígbà náà, nítorí pé òkú ni ó ń kúrò láyé. Ẹni tí ó wà lójú òṣùpá, tí ó ń mí, tí ó ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ayé ni ó ṣì wà.

Ṣé “aiye” tí a ń rí nínú ìwé àtijọ́ kò tọ̀nà?

Ó tọ̀nà nígbà tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ ní ayé Crowther, tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà nínú Bíbélì àti ìwé orin títí di àárín ọ̀rúndún tó kọjá. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ni ó yọ “i” náà kúrò, nítorí pé a kì í pè é. Orúkọ ìdílé àti ti ìlú tí wọ́n ṣì ń kọ “Aiye” kò ṣẹ̀.

Ó tún wà ní òdìkejì òkun. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Liberdade, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú dá ẹgbẹ́ Ilê Aiyê sílẹ̀ ní ọdún 1974, ọdún kan náà tí àwa ń yọ “i” kúrò nínú àkọtọ́ wa. Wọ́n fi ìlù jáde nínú ayẹyẹ Carnaval ti ọdún 1975, wọ́n sì ń jáde títí di òní. Nínú àwọn ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà àwọn ará Bràsíìlì, tí ó wà ní ìlú yẹn, “aiyê” àti “orun” ni wọ́n ṣì ń pe ibi méjèèjì.